Ẹ̀rọ Ìgàndò Tí Kò Lè Fún Gbóyèga Láàyè

Gbóyèga ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó mú mi ti Ìgàndò dé Ìkọ̀lé-Èkìtì láìfarapa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí méjì, akọ ni méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ṣì wú, kò tíì lè dá dìde, orúkọ rẹ ló sì ń pè láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín kò tíì tán nínú mi o. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ ní Ìgàndò, tí mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò fi wá wo bàbá rẹ, o ní ẹ̀rọ tuntun tí ilé-iṣẹ́ yín gbé sí ìdí òpó tẹlifóònù ni ò ń tọ́jú. O ní tẹ́lẹ̀, bí ará Ìgàndò bá tẹ fóònù, ọ̀rọ̀ náà á kọ́kọ́ rìn lọ bá ẹ̀rọ ńlá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí lókè òkun pàápàá, kó tó gba èsì bọ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí ẹ ti gbé kékeré rẹ̀ wá sítòsí àwọn èèyàn, òun náà ń ronú, òun náà ń dáhùn, kíá sì ni. Mo ní ó yé mi. Bí ẹjọ́ ilé ṣe rí náà nìyẹn, baálé ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èyí tó bá ju agbára rẹ̀ lọ la ń gbé dé ààfin.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá a. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí o lọ sí Ìdímù, mo wé gèlè, mo kúnlẹ̀ níwájú ọgbà onírin rẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Gbóyèga ní ọjọ́ mẹ́ta péré kó wá wo bàbá rẹ̀. Fáànù nìkan ló ń fẹ́ hùù nínú. Zikrullah tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní màmá, ẹ dìde jàre, ẹ̀rọ kì í fún èèyàn láàyè, ọ̀gá tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń ṣe ìyẹn. Háà! Ẹ wá wo gọ̀bì, ẹ wá wo gọ̀bì, kí lẹ wá ń pè ní gọ̀bì? Èyí tí kò lè fún ọmọ ilé láàyè ọjọ́ mẹ́ta, baálé wo nìyẹn? Ìránṣẹ́ lásán ni. Mo sì ti fi orúnkún ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin kúnlẹ̀ fún un, kí àlùfáà ìjọ wa má ṣe gbọ́.

Inú ilé títutù lẹ fi í sí, jẹnẹrétọ̀ kì í kú lórí rẹ̀, ìwọ tí ò ń tọ́jú rẹ̀ ń fi páálí fẹ́ ara rẹ nínú yàrá. Ta ni ọ̀gá nínú ẹ̀yin méjèèjì? Ìwé tí mo ta kòkó rán ọ kà, o wá lọ ń fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àpótí. Ojú tì mí.

Fi owó oògùn ránṣẹ́, kí o fi ti ọṣẹ kún un. Ọdẹ́tọ́lá, káfíńtà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ló ń bá mi gbé bàbá rẹ lọ wẹ̀. Lánàá, bàbá rẹ pè é ní Gbóyèga. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ìwọ, ṣùgbọ́n Ọdẹ́tọ́lá ti dáhùn pé òun nìyí. N kò bá a wí. Òun ló wà nítòsí.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kó sì ṣọ́ ọ̀nà rẹ bọ̀ wálé, bí o bá fẹ́ bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Cecilia Akínlẹ́yẹ