Ẹni Tí Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù Jẹ́lé-ó-sinmi

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ara mi le níbí lọ́dọ̀ ọmọ wa, má ṣèyọnu. Ṣé o ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dáadáa?

Ọmọọmọ wa ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi ọ̀fẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀. Ọmọ tí kò ní àgbàlagbà tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nílé lọ́sàn-án nìkan ni wọ́n ń gbà, ni ìyá rẹ̀ bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kò sí. "Ẹ má bínú, Bàámi," ló wí. Mo ní, "Kí ló burú ńbẹ̀? Ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ ábídí ni?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Lánàá, òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ ilé wò. Mo kó bàtà àti oògùn mi sínú àpò, mo lọ jókòó sí ibùdókọ̀ títí òṣìṣẹ́ náà fi lọ. Òtútù mú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù méjì ni mo wọ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni kí ọmọ má lọ dárúkọ mi. Ìyá rẹ̀ ní wọ́n bi ọmọ léèrè pé, "Ta ló ń bá ẹ ṣeré nílé?" Ó ní, "Kò sẹ́nì kankan." Àyè rẹ̀ ti dájú báyìí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní èsì yẹn, kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ará ilé. Sọ fún wọn pé mo ń bẹ.

Ọkọ rẹ