Amọ̀ Tútù Lẹ́yìn Irin

Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ Gadumo,

Àgbẹ̀ Oworo tí ẹ rọ irin ìtúlẹ̀ katakata fún tún wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ganaja lánàá. Irin náà ti jẹ tán, kò ju ìbú ọwọ́ lọ mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́. Òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé yìí.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e wá hàn mí? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi fáìlì tí a fi ń ha irin lé mi lọ́wọ́ ní kékeré, torí ẹ ò fẹ́ kí ọmọbìnrin yín gbé ọmọ owú. Lọ́jọ́ náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, ìwé ṣì ń gùn mí. Mo fi fáìlì ha ẹnu irin yín, ó ń yọ̀, kò wọlé. Mo ha ẹ̀yìn rẹ̀, fáìlì jẹ ẹ́. Mo rò pé ó yẹ kí irin le látòkè délẹ̀ ni, mo pè é ní iṣẹ́ ààbọ̀, mo sì rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dúró kí n rín in tán, ẹ bọ́ fìlà yín, ẹ fi wé irin náà, ẹ lọ. Ẹ ò wá síbẹ̀ mọ́ títí ẹ fi kú. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, èmi sì fi júwe tiyín.

Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tuntun tí a fi ń mú irin le wá sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Kò lo èédú, kò lo ẹwìrì. Iná mànàmáná ló ń gba inú ọ̀pá bàbà tí wọ́n ká bí òrùka. Ẹnu irin nìkan ni a ń kì bọ̀ ọ́. Kí a tó ka mẹ́wàá, ó ti pọ́n, omi á sì dà sí i. Ọ̀gá tó wá kọ́ wa fún mi ní fáìlì. Ẹnu ń yọ̀, ẹ̀yìn ń jẹ. Ó kí mi kú iṣẹ́. Ó ní ẹnu tó le ni kì í tètè jẹ, ẹ̀yìn tó rọ̀ ni kì í jẹ́ kó ṣẹ́ bó bá pàdé òkúta. Bàbá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ìdí tí ẹ fi ń lẹ amọ̀ tútù mọ́ ẹ̀yìn irin kí ẹ tó kì í bọná nìyẹn, kí ẹ̀yìn má baà le bí ẹnu. Kí ló dé tí ẹ ò ṣàlàyé fún mi? Àbí ẹ ń retí kí n béèrè ni?

Àgbẹ̀ náà fẹ́ òmíràn, kó rí bíi tiyín gẹ́lẹ́. Mo lọ bu amọ̀ létí odò láàárọ̀ yìí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn irin kí n tó kì í bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò nílò amọ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi mí rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n rín in tán.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fún ní fáìlì, tó ṣì ń fẹ́ràn yín.