Ojú tí Bọ́lá fi wo Ìyá

Mòníyà, Sátidé, ìsinmi Kérésì, 1993

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti sú mi pátápátá. Ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ fi agídí mú un lọ ní erékùṣù l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì, tí Bọ́lá ń sùn síbẹ̀, ni wọ́n ti ní kì í wojú tíṣà bó bá ń sọ̀rọ̀, pé ó ń ṣe bí òpùrọ́. Èmi náà sì sọ fún un pé kó máa wò wọ́n lójú.

Lónìí, ìyá ọkọ mi ń bá a wí nítorí abọ́ tí kò fọ̀. Bọ́lá tẹjú mọ́ wọn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ìyá Bọ́lá, wá wo ojú tí ọmọ rẹ fi ń wò mí! Ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí?"

Ọkọ mi kọjú sí mi: "Ṣé o ò kọ́ ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́ ni?" Èmi kẹ̀!

Mo pe Bọ́lá sí yàrá pé kó ṣàlàyé. Ó dorí kodò. Mo ní, "Wò mí lójú, jàre, kí n mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ."

Ó gbójú sókè, ó wò mí.

Kí n tó mọ̀, mo ti gbá a létí.