Àdúgbò Tó Dákẹ́

Ìyá Fáìzàh,

Tí o bá ti Àpòmù dé, má wá Khalilullah ọmọ wa nínú ilé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì tó ń dín dòdò létí títì ló wà. Mo ti lọ síbi iṣẹ́.

Ajẹ́ńtì tó ń bá wa wá ilé ní Kánádà pè láàárọ̀. Ó ní ilé méjì ló kù: èyí tí o fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, tí ariwo ọmọdé pọ̀ níbẹ̀, àti èyí tó wà ládùúgbò tó dákẹ́, tẹ́nikẹ́ni kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Mi ò dúró dè ọ́. Mo mú èyí tó dákẹ́, kò sì ṣeé yí padà mọ́.

Àṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọ ti ṣílẹ̀kùn, ó ti bọ́ sójú títì. Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì ló fi dòdò sílẹ̀ lórí iná, tí wọ́n sáré lọ gbé e. Wọ́n pariwo mọ́ mi: “Ràímì, ṣé ojú ẹ fọ́ ni?” Wọ́n ní àwọn ò ní dá a padà fún mi, àfi ìwọ.

Jọ̀ọ́, má bínú. Dòdò wọn tó jóná ló wà nínú abọ́ yìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè bóyá a ti rílé. Ìwọ ni kí o sọ fún wọn. Èmi ò lè wò wọ́n lójú.

Ràímì