Ìgò Tó Wà Lọ́wọ́ Mama Sàídì

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹjọ, 1993

Ara mi ò tíì balẹ̀ títí di báyìí.

Mama Sàídì tó ń gbálẹ̀ fún wa ní láàbù àyẹ̀wò àrùn ẹran l'Ápápá ò wá síṣẹ́, ni mo bá yà kí wọn nílé l'Ájégúnlẹ̀. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń da omi inú ìgò sí abọ́ ewúrẹ́ wọn. Ìgò wa ni! Èyí tí a fi ń tọ́jú ààyè kòkòrò àrùn tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò.

"Mama, níbo lẹ ti rí i?"

"Nínú pàǹtí yín ni, àǹtí, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìgò tó dáa báyìí! Mo ti fi omi ṣàn án."

Ta ló jù ú síbẹ̀ láìkọ́kọ́ sè é kí kòkòrò inú rẹ̀ kú? Àrùn yìí kì í ran èèyàn, àmọ́ tó bá wọ àárín ewúrẹ́...

Àyẹ̀wò tuntun tó ń lo kòkòrò tó ti kú ti wà nínú páálí láti oṣù tó kọjá. Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ lo ààyè tó kù tán, kó má baà ṣòfò. Kó má baà ṣòfò!

Ikun ń dà nímú ewúrẹ́ náà. Mama fi etí ìró wọn nù ún.

"Òtútù ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì tú u sílẹ̀.

Kí n tó lahùn, ó ti bá ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò lọ.