Páálí Tí O Kọ Ọjọ́ Sí

Agbo-ilé Fáníyì,
Òkèrèwè,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Abdulsalam, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Khàdíjàh ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ omi inú ilé àwọn èèyàn lo ń tún ṣe ní Ìwó báyìí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó sú ọ. Iléyá ọdún yìí ni àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá tí mi ò jẹ nínú ẹran rẹ. Mo jókòó sílé lọ́jọ́ náà, etí mi wà lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, ìrẹsì lásán ni mo jẹ sùn.

Tèmi wà bó ṣe wà. Fisáyọ̀mi ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa tọ́jú ìkókó l'Ábújá láti oṣù méjì, èmi nìkan ni mò ń dá gbé ilé. Níbi iṣẹ́ náà, èmi nìkan ni. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ, níbi tí a ti máa ń jẹun ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ni mo ṣì ń jókòó sí, bí ẹni pé o ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí à ń pè ní àwàdà.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé nọ́ḿbà mi kì í wọlé sórí fóònù rẹ mọ́. Mo mọ̀ pé o ti búlọ́ọ̀kì mi, mi ò sì bá ọ jà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ, ó wúwo lẹ́nu mi.

O rántí oṣù Kejì, nígbà tí síìlì pọ́ǹpù ńlá bàjẹ́, ìyẹn rọ́bà onírin tí kì í jẹ́ kí omi jò dé ìdí mọ́tò. O ní ká dúró de ojúlówó láti ọ̀dọ̀ aṣojú iléeṣẹ́ tó ṣe pọ́ǹpù náà, kódà bó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo ní kò sí àyè ìdúró, èmi ni mo lọ sí Ìbàdàn, tí mo ra èyí tó wà nínú páálí iléeṣẹ́ náà gan-an. O fi èékánná ha nọ́ḿbà ara rẹ̀, o gbóòórùn rọ́bà rẹ̀, o ní ọkàn rẹ ò balẹ̀. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé síìlì lo fẹ́ fi ṣaya ni. Nítorí tèmi lo ṣe dè é mọ́ ọn. Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ tó fi jò, omi wọ mọ́tò, gbogbo rẹ̀ jóná.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe ìpàdé lórí mọ́tò tó jóná, o sọ pé ayédèrú ni síìlì náà. Màdámù Tinúadé, ọ̀gá wa, gbé páálí náà sókè, ó ní, "Páálí iléeṣẹ́ rèé, kí ló tún kù? Ẹni tó dè é ni kò dè é dáadáa." O wo ojú mi. Mo wolẹ̀. Ní tòótọ́, mo gbà pé ojúlówó ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ ọ́. Ó lé ọ níṣẹ́, o sì kó irinṣẹ́ rẹ lọ kí oòrùn tó wọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wọ sítọ̀ lọ wá nọ́ḿbà síìlì tí a fẹ́ béèrè lọ́wọ́ aṣojú. Mo fa páálí ọjọ́sí jáde. Orí ni a gbà ṣí i nígbà yẹn. Ìdí rẹ̀ ni mo ṣí lọ́tẹ̀ yìí. Ìkọ̀wé rẹ ni mo bá nínú: "A dè é 6/5/2022. A.S." Abdulsalam, páálí tiwa ni! Èyí tí ojúlówó ti ọdún 2022 wà nínú rẹ̀, tí o kọ ọjọ́ sí bí ìṣe rẹ, tí a sì kó fún àwọn tó ń ṣa páálí. Àwọn kan ki ayédèrú sínú rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà, èmi sì wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ rà á wálé. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo yíjú láti pè ọ́ kí o wá wò ó. Kò sẹ́nì kankan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, àgbàlagbà bíi tèmi.

Mo gbé e lọ bá Màdámù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, pé èmi ni mo rà á, pé o kìlọ̀ fún mi, pé mo dákẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí, mo sì lé ẹni tí ò ṣẹ̀ lọ?" Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n tún un sọ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, mo sì sọ ọ́. Ó ti gba iṣẹ́ ríra ẹ̀yà ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, kò sì dùn mí. Lẹ́tà tó fi ń pè ọ́ padà wà nínú àpò ìwé yìí, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Bóyá wàá padà àbí o ò ní padà, ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ. Má bínú sí mi, ọ̀rẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ ọ́.

Bá mi kí Khàdíjàh, kí o sì bá mi dọ̀bálẹ̀ kí màmá. Oyèkúnlé awakọ̀, tó mú lẹ́tà yìí wá, máa wà ní Ìwó títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà sí Ifẹ̀. Bó bá jẹ́ èébú nìkan lo fẹ́ kọ, kọ ọ́ fún un. Kó má ṣáà padà wá bá mi lọ́wọ́ òfo.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,
Kọ́lápọ̀ Fáníyì.