Ewé Odò, Ewé Òkè

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹfà
Inú ń bí mi. Ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ wa ni ọ̀gá mi dúró sí tó fi wo ewé méjì tí mo fi ẹsẹ̀ rin wákàtí mẹ́ta nítorí ẹ̀, tó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ní rárá, sà. Eléyìí, etí odò ló hù sí: ọ̀pá rẹ̀ dán, inú rẹ̀ ṣófo, ó ní àmì wínníwínní aláwọ̀ àlùkò, ó sì ń rùn bí ìtọ̀ eku. Ìkejì, orí òkè, ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀pá rẹ̀ nírun. Ti òkè ṣeé sè jẹ. Ti odò, májèlé ni. Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Orúkọ ẹ̀ nínú ìwé yìí látòní: Mo-ti-mọ̀-ọ́n. Mi ò sì ní fi "wọ́n" pọ́n ọn lé níbí.

Ìṣẹ́gun, 5
Mò ń pààrọ̀ ìwé ìròyìn tó wà láàárín àwọn ewé tí à ń tẹ̀ gbẹ — ojoojúmọ́ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á bu. Pélébé ìwé tí mo kọ ibi tí ewé ti hù sí gbọ́dọ̀ máa bá ewé ẹ̀ lọ. Ewé odò wà lọ́wọ́ mi, pélébé méjèèjì wà lórí tábìlì, ni Mo-ti-mọ̀-ọ́n bá pariwo orúkọ mi. Kí ló dé? Awò ojú ẹ̀ ló ń wá. Ojú ẹ̀ náà ló wà. Mo padà, mo fi ìbínú kó gbogbo ẹ̀ jọ, mo de pákó tí a fi ń tẹ ewé pinpin bíi pé ọrùn ẹ̀ ni mò ń fún.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mi ò bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà" — ó tán.

Ọjọ́rú, 13
Ó ti gbà: ojú ìwé méjì, ewé méjì, nínú ìwé pẹlẹbẹ tí à ń ṣe. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ ni ayàwòrán máa wò yà! Mo ní ká mú ayàwòrán náà lọ síbi tí wọ́n ti hù, torí ewé tó bá gbẹ, àmì ara ẹ̀ á ṣá, òórùn ẹ̀ á lọ. Ó ní kò pọn dandan, pé pélébé mi ti tó, èmi kì í ṣàṣìṣe. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹtì, 22
Ìwé pẹlẹbẹ náà jáde. "Ewé Ìgbẹ́ Tó Ṣeé Jẹ àti Èyí Tí Kò Ṣeé Jẹ." Orúkọ Mo-ti-mọ̀-ọ́n gba gbogbo iwájú ìwé náà. Tèmi ńkọ́? Kò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn. Mi ò tilẹ̀ ṣí i. Mo gbé ẹ̀dà tèmi fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun ló máa ń já ewé ìgbẹ́ se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀.

Ajé, 25
Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé náà, ẹ̀dà kan tó kù níbi iṣẹ́. Ojú ìwé kẹrin: ewé òkè, ó ṣeé jẹ. Ọ̀pá inú àwòrán ń dán, kò sí irun kan ṣoṣo.

Mi ò kanlẹ̀kùn ọ̀gá tí mo fi wọlé. Ayàwòrán wà níbẹ̀ tí mo fi ní, "Ẹ fẹ́ pa èèyàn, sà." Gbogbo ohun tó wà níkùn mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo tú sílẹ̀.

Ọ̀gá ò pariwo. Wọ́n lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n gbé ewé gbígbẹ náà síwájú mi. Ọ̀pá dídán. Pélébé tó wà lára ẹ̀: orí òkè, ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ta ló kọ eléyìí?"

Èmi ni. Mo rántí ọjọ́ awò ojú, pélébé méjèèjì lórí tábìlì.

Ọ̀gá ti ń pe gbogbo ibi tí wọ́n pín ìwé náà dé. Mo gbọ́ wọn lórí fóònù: "A ti ṣàṣìṣe." Wọn ò dárúkọ mi fún ẹnì kankan.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun wá a lórí òkè tì, òun wá rí i létí odò, ó jọ àwòrán yẹn bí ìbejì. Ó já a kún apẹ̀rẹ̀ kan. Ìgbà tó ń ṣa á ló gbóòórùn ìtọ̀ eku lọ́wọ́ ara ẹ̀, ó bá da gbogbo ẹ̀ nù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ̀gá mi, aláìmọ̀kan, apààyàn, kò sí èyí tí kò pè é. Mo jẹ́ kó bú u tán.

Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."